Bàálù Wa Ò Farapa

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣẹ̀sín: nínú kéèyàn fò àti kéèyàn balẹ̀, èwo lẹ rò pé ó le jù? Ẹ má tíì dáhùn. Èmi náà yára dáhùn nígbà yẹn. Mo ní fífò ni, mo tún lu àyà lé e bí ẹni tó ti wa bàálù dé Mẹ́kà, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama tí mo sì gbé F bọ̀ nínú físíìsì. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Àmọ́ ta ló ń gbọ́ tàgbà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń dún?

Mo rántí ìgbà tí òórùn gọ́ọ̀mù gba gbogbo pásééjì ilé wa ní Boundary, nínú Ajégúnlẹ̀ níbí. Apá bàálù ló wà nílẹ̀ níbẹ̀. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ni egungun rẹ̀, tápólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù tírélà la fi ṣe awọ rẹ̀, gọ́ọ̀mù la sì fi lẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ wẹ̀ láàárọ̀ á gbé ẹsẹ̀ sókè kọjá lórí rẹ̀ pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, á máa ráhùn, á sì tún dúró wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni bàálù náà. Mẹkáníìkì tírélà ni ní Àpápá, òun ló sì tọ́ mi láti ìgbà tí bàbá wa ti padà sí Ìsẹ́yìn. Ojú bàbá ni mo fi ń wò ó. "Ẹ" ni mo ń pè é, mi ò sì jẹ́ dá a lóhùn kí "sà" má wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn yìí, "ó" ni màá máa lò fún un, torí èrò máa pọ̀ níwájú, mi ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ má mọ ẹni tí mò ń wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un.

Inú fóònù ló ti kọ́ ọ. Bó bá ti ọ̀nà iṣẹ́ dé, tó ti fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́ gíríìsì, á dùbúlẹ̀, á máa wo àwọn òyìnbó tó ń ṣe bàálù kékeré lẹ́yìnkùlé wọn. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Kí ni wọ́n ní tí a ò ní?" Mo fẹ́ sọ fún un pé wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé, àmọ́ mo pa ẹnu mọ́. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìjàpá àtijọ́ kan, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń wà nínú búùtù, ló rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin àlòkù ní Ìjọra Badia. Òun fúnra rẹ̀ tú u palẹ̀, ó tún un tò, ó fi igi gbẹ́ fáànù síwájú rẹ̀. Nígbà tí ìyá onílé gbọ́ irú ẹ́ńjìnnì tó jẹ́, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, wọ́n káwọ́ gbera. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìjàpá tó bá lóun fẹ́ fò, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kó máa ṣọ́ o."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi ló dún jù. Kò-páílọ́ọ̀tì ni mo pe ara mi nígbà náà, mo tún ra gíláàsì dúdú tí mò ń wọ̀ káàkiri Boundary lójú ọjọ́ tó ṣú. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ mi gan-an nínú bàálù yẹn kò ju pé kí n di búrọ́ọ̀ṣì gọ́ọ̀mù mú lọ. Ọjọ́ tí mo tiẹ̀ fi ọwọ́ gọ́ọ̀mù ṣe gíláàsì yẹn dáadáa sójú, irun ojú mi ló bá a bọ́ nígbà tí mo fẹ́ yọ ọ́.

Ibi tá a ti fò ni yáàdù kọ̀ntéínà kan ní Àpápá, tí àwọn tó ni ín ti kó kúrò níbẹ̀. Kọnkéré ni gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, ó gùn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kọ̀ntéínà ìpẹtà díẹ̀ ló kù ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀gbọ́n mi mọ mègàádì ibẹ̀, ìyẹn sì ń jẹ́ ká wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Sunday tí tírélà bá dín lójú ọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo ló sọ fún wa, ó ní, "My own be say make una no die for my duty." A ní kò séwu. Ẹ̀gbọ́n mi tiẹ̀ sọ fún un pé a kàn fẹ́ sáré lórí ilẹ̀ lásán ni, ká gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mí.

Ó sáré lórí ilẹ̀ lóòótọ́. Ó sáré lọ, ó sáré bọ̀, ó tún sáré lọ, mo sì rí àyè láàárín táyà àti kọnkéré. Ara mi bù máṣọ. Ó ga tó kọ̀ntéínà méjì tí wọ́n tò léra, tápólì ń gbọ̀n pẹ̀ẹ̀pẹ̀ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi jókòó nínú rẹ̀ bí ẹni tó jókòó sórí àga bábà tó ń gẹrun. Mo sáré tẹ̀ lé e nísàlẹ̀, mò ń ju ọwọ́, bàtà mi kan bọ́, mi ò dúró mú un. Ìgbà tó wá fẹ́ balẹ̀, ó wá bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àga tí wọ́n ti fà kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàálù méjèèjì, tó jẹ́ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, là sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́. Imú rẹ̀ gbá ilẹ̀, fáànù igi fọ́ wẹ́wẹ́, ìrù rẹ̀ wà lókè. Àfi bí ọkọ ìyàwó tó dọ̀bálẹ̀ fún àna. Ẹ̀gbọ́n mi jáde nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, ètè rẹ̀ ló bẹ́ díẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń mì mí léjìká: "Ṣé o rí i? Ṣé o rí i pé ó fò?"

Àwọn ọmọ tó gun orí fẹ́ńsì ti ká a sínú fóònù. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo Ajégúnlẹ̀ ti wò ó. Kì í ṣe fífò ni wọ́n rí o. Wọn ò tiẹ̀ fi fífò sí i. Ìdọ̀bálẹ̀ ni wọ́n ń wò, tí wọ́n ń dá a padà, tí wọ́n tún ń wò. Wọ́n sọ wá ní Dọ̀bálẹ̀ Airways. Bí mo bá jáde lọ ra búrẹ́dì, àwọn oníkẹ̀kẹ́ á pè mí: "Kò-páílọ́ọ̀tì, ẹ ti kí àwọn àna tán?" Òmíràn á ní, "Ẹ bá mi mú síìtì iwájú, mo fẹ́ rí ilẹ̀ dáadáa." Mo bọ́ gíláàsì dúdú kúrò. Mo mọ̀ pé ó ń dun ẹ̀gbọ́n mi náà, torí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé.

Nínú ẹ̀sín yẹn náà ni oríire ti fẹ́ yọjú. Ọ̀gá olówó kan tó ń bá àwọn èèyàn kó ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù rí fídíò náà, ó sì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun fẹ́ wá wò ó lójú ara òun. Ó ní bí bàálù yẹn bá lè fò, kó sì balẹ̀ ní ìdúró, láìṣẹ́, láìdọ̀bálẹ̀, òun á rán àwa méjèèjì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ awakọ̀ òfuurufú. Àwa méjèèjì, ẹ gbọ́ o. Èmi oní-F. Lọ́jọ́ yẹn mi ò lè jẹun. Mo jókòó, mò ń ro bí màá ṣe máa gbé báàgì kékeré tó ní táyà nísàlẹ̀ rìn.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ bàálù di ọ̀rọ̀ ayé wa. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e lọ sọ́dọ̀ jórinjórin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tírélà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni, irin ò sì le lójú rẹ̀. Ó wo páìpù tó là sẹ́gbẹ̀ẹ́ náà, ó mi orí. Ó ní, "Ẹsẹ̀ adìyẹ lẹ fún erin. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, màá fún un ní ẹsẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní lè tẹ̀." Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn ní Àpápá. Ọ̀nà tó kún fún kòtò, ẹrù tó ju agbára ọkọ̀ lọ. Bí ṣásí tírélà bá sán, wọ́n á fi irin dì í ní ìlọ́po. Bó bá tún sán, wọ́n á fi òmíràn lé e. Ohun tó bá ṣẹ́, irin ni kò tó. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ẹ̀gbọ́n mi láti ìgbà ọmọṣẹ́ nìyẹn, òun ló sì fi bọ́ mi títí mo fi jáde ilé ìwé, kò sì tíì já a kulẹ̀ rí.

Wọ́n gé irin ṣásí tírélà, wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀ bàálù. Wọ́n fi irin dábùú àárín rẹ̀. Táyà tó ní atẹ́gùn nínú, wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n fi táyà ọmọlanke sí i, èyí tó jẹ́ rọ́bà líle gbáà, kó má baà jó lójú ọ̀gá. Ẹ̀gbọ́n mi gbẹ́ fáànù igi tuntun síwájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, jórinjórin ní kí n dán ẹsẹ̀ náà wò. Mo gun orí tábìlì rẹ̀, mo fò bọ́ sórí irin náà gìrì, torí èmi náà fẹ́ ṣe bí ọkùnrin. Irin náà ò mì. Ọrùn ẹsẹ̀ mi ló wú. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín, jórinjórin ní, "Ẹ rí i? Irin nìyẹn." Mo tiro lọ sílé. Físíìsì tí mo gba F nínú rẹ̀ nílé ìwé, wọ́n tún kọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mo sì tún gba F.

Ọjọ́ tí ọ̀gá máa wá, yáàdù kún. Àwọn tó ń pè wá ní Dọ̀bálẹ̀ Airways náà wá, wọ́n ní àwọn ò lè jẹ́ kí ọmọ àdúgbò àwọn nìkan wà níbẹ̀. Ọ̀gá dé nínú jíìpù dúdú, ó wọ agbádá funfun, ó jókòó sórí àga tí mègàádì gbé fún un. Ẹ̀gbọ́n mi dì mí mú lápá kó tó wọlé. Ó ní, "Bó bá ti dúró báyìí, ayé wa ti yí padà." Mo ní, "Ẹ máa fò dáadáa, sà." Ẹ ò rí ọ̀rọ̀ tí mo sọ. Mi ò sọ pé kó balẹ̀ dáadáa.

Irin ti wúwo lára bàálù, kò tètè gbéra. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin yáàdù kó tó kúrò nílẹ̀. Àmọ́ ó gbéra, ó yí po lókè àwọn ilé ìkẹ́rùsí, gbogbo ojú tẹ̀ lé e. Ẹ gbà mí gbọ́, ó rẹwà. Mi ò ní purọ́ nítorí pé inú ń bí mi. Ó wá ń bọ̀. Ẹrù irin ń fà á wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì já láti bíi gíga kọ̀ntéínà kan. Ìró kan ṣoṣo la gbọ́, gbì, bí ìgbà tí kéréènì bá sọ ẹrù sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó yí lọ síwájú jẹ́jẹ́, ó dúró. Irin ò tẹ̀. Táyà ò bẹ́. Fáànù ń yí. Imú rẹ̀ wà lókè bí imú ọlọ́lá. Gbogbo yáàdù bú sí ariwo ayọ̀.

Ní Ajégúnlẹ̀, ọmọ tó bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní ìparí ìdíje kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò lórí pápá. Èjìká ni yóò bá lọ. Ẹ ò lè kọ́ wa ní ìyẹn, inú ẹ̀jẹ̀ wa ló wà. Gbogbo èrò sáré lọ síbi bàálù. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti pa ẹ́ńjìnnì, ó jókòó, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ọ̀pá tó fi ń darí rẹ̀. Mo rò pé ó ń ṣe yanga ni. Mo ní, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ọ̀gá ti dìde." Ó yí ojú sí mi, òógùn bò ó, ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́: "Dúró ná. Mi ò mọ ẹsẹ̀ mi mọ́."

Mo gbọ́ ọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò sí lára ohun tí mo ti múra láti gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo sì ń wá ibi tí màá gbé e sí nínú orí mi nígbà tí ọwọ́ èèyàn ti kọjá lórí mi. Jórinjórin ló fi ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀, ó ń sunkún ayọ̀. Wọ́n fà á yọ. Wọ́n gbé e sókè. Igbe tí ẹ̀gbọ́n mi ké, ìhó ayọ̀ ni wọ́n fi dá a lóhùn. Mò ń pariwo pé kí wọ́n gbé e sílẹ̀, ẹnì kan gbé èmi náà sí èjìká. Ibẹ̀ ni mo wà lókè, mò ń sunkún, wọ́n ń kọrin fún mi. Wọ́n gbé e lọ bá ọ̀gá, ọ̀gá di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ya fọ́tò. Mègàádì ló fi ojú sí i. Ó ní, "Put am down. Him leg dey hang like cloth."

Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Jíìpù dúdú ló kọ́kọ́ jáde ní géètì. A wá kẹ̀kẹ́, a ká ẹ̀gbọ́n mi sínú rẹ̀ bí ẹni ká ẹní, torí kẹ̀kẹ́ ò gba ẹni tó dùbúlẹ̀, a gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ní egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti rún, bí agolo mílíìkì tí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀. Ó wá bi mí pé báwo la ṣe gbé e jáde níbẹ̀. Mo sọ fún un. Ó bojú wolẹ̀, ó kọ ọ́ sínú fáìlì.

Ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀, ẹ má bèèrè rẹ̀. Ọ̀gá ò gbé fóònù mọ́. Bẹ́ẹ̀ bàálù balẹ̀ ní ìdúró bó ṣe wí. Èèyàn inú rẹ̀ ni ò lè dúró. Fídíò ọjọ́ yẹn ṣì ń lọ káàkiri títí dòní, wọ́n ti fi orin sí i, ó sì máa ń parí síbi tí wọ́n ti gbé e sókè. Kò sẹ́ni tó pè wá ní Dọ̀bálẹ̀ mọ́. Àwọn tí kò mọ̀ ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọmọ àdúgbò wa ò gbẹ́yìn. Mo máa ń kà á, mo máa ń fẹ́ dá wọn lóhùn, mo máa ń pa fóònù.

Nínú fóònù kan náà, lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, ni mo ti kà á pé ẹsẹ̀ bàálù ní láti rọ̀. Ó ní láti tẹ̀, kó gba ìyà ilẹ̀ jẹ kí ìyà náà má baà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó là bí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ní ọjọ́sí, tá a tìtorí rẹ̀ ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, òun ló gba ẹ̀gbọ́n mi là. A bínú sí i, a gé e jù nù, a fi irin tí kì í tẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ohun tí irin ò sì gbà, ẹ̀yìn ló gbà á. Nígbà tí mo kà á fún ẹ̀gbọ́n mi, ó jẹ́ kí n kà á tán. Ó ní, "Ìwọ tó gba F." Ó ní irin yẹn ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, òun ni òun ò mọ̀ ọ́n sọ̀. Mi ò bá a jiyàn. Bí irin bá jẹ̀bi, gbogbo ọjọ́ tó ti lò ní Àpápá ló jẹ̀bi, kí ló wá kù fún ẹni tó jókòó sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́?

Bàálù náà wà lọ́dọ̀ jórinjórin, wọ́n fi tápólì bò ó, kò ní àpá kankan. Ẹ̀gbọ́n mi sì ti ní kò ní jókòó síbẹ̀ jẹrà. Ta ni yóò wà á? Ẹ kú oríire fún mi. Wọ́n ti gbé mi ga, mi ò ṣe kò-páílọ́ọ̀tì mọ́. Láti ìgbà tí òjò ti dá ló ti ń kọ́ mi ní pásééjì, èmi lórí àpótí ìdáná, igi ìgbálẹ̀ láàárín itan mi bí ọ̀pá ìdarí, òun lórí kẹ̀kẹ́ aláìlera rẹ̀ tó ń ní, "Fà á. Má fà á jù." Mo lọ bẹ jórinjórin pé kó gé irin yẹn kó dá páìpù padà. Kò lè wo ojú mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ ló ni ín. Bó bá ní kí n gé e, màá gé e." Ẹ sọ fún mi, ẹnu wo ni màá fi sọ pé mi ò wà á? Ẹni tó pọ̀n mí lọ sílé ìwé nígbà tí omi bo Boundary, òun ni mò ń pọ̀n lọ sílé ìwẹ̀ láràárọ̀. Ó fúyẹ́ báyìí. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù.

Òní ni ọjọ́ Sunday. Mo ti gé fọ́ọ̀mù lára ibùsùn mi, mo dì í ní ìlọ́po, kí n lè jókòó lé e. Ìyá onílé rí mi nídìí rẹ̀. Wọn ò dárúkọ ìjàpá mọ́. Wọ́n kàn wò ó, wọ́n ní, "Fi kún un." Kẹ̀kẹ́ tí jórinjórin háyà ti wà níta, ẹ̀gbọ́n mi ti wà nínú rẹ̀. Ó ní a kàn fẹ́ sáré lórí ilẹ̀ lásán ni, ká gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mí. Mo ti ń fi "rárá" dánra wò nínú yàrá níbí látàárọ̀, mo ti sọ ọ́ fún ògiri, mo ti sọ ọ́ fún dígí, ó sì ń jáde lẹ́nu mi dáadáa. Ó ku kí n sọ ọ́ lójú ẹni tó ni ín. Mo rò pé bí mo bá lè—

"Páílọ́ọ̀tì, ṣé bàálù ló máa wá gbé ẹ níbẹ̀ ni? Ó yá, ká lọ."

Mò ń bọ̀, sà.